Borrowed Mama Eja 80,000: ta ló jẹ gbèsè?

Ìbéèrè:

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá mi di olóògbé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Aṣọ ni wọ́n ń tà. A rí ìwé kékeré tí wọ́n máa ń kọ ìṣirò ọjà sí, ìlà kan sì wà níbẹ̀ tó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀: Borrowed Mama Eja 80,000. Ileya. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mama Ẹja ni ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta òkú Èkó lọ́jà. Èmi mọ̀ pé màmá mi ló yá wọn lówó nígbà Iléyá. Àwọn ọmọ Mama Ẹja ní irọ́ ni, pé borrow ni kéèyàn gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pé ọwọ́ màmá mi fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́ pé àwa la jẹ wọ́n. A bi Mama Ẹja, wọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́, kí àwa ọmọ lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wa. Kí ni borrow gan-an? Ta ló jẹ ta?

* * *

Àbúrò mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ fi ohun tí kò sí nínú ìwé kún un.

Mo fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò jìnnà sí Òkè Àjẹ. Ìwé àdéhùn, ìwé ìpàdé, ìwé ìwáṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Nítorí náà borrow ti fi ojú mi rí nǹkan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gbà ló borrow, ẹni tó fún un ló lend. Ẹni tó bá borrow, from ní láti tẹ̀ lé e kí a tó mọ ọwọ́ ẹni tó ti gbà á. Ìlà tí màmá yín kọ kò ní from. Bí òyìnbó paraku bá kà á, ohun tí yóò yé e ni pé màmá yín yá Mama Ẹja fúnra rẹ̀, bí a ṣe ń yá àga ìnáwó, ó gbé e lọ sílé, ó lò ó tán, ó dá a padà.

Àwọn ọmọ Mama Ẹja ti ki from bọ inú ìlà náà kó lè bá tiwọn mu. Ìwọ náà ti fi lend rọ́pò borrow nínú orí rẹ. Mo gbà pé ìwọ lo sún mọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé atúmọ̀-èdè ló jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹnìkan ti bi mí pé kí ló dé tí gbogbo wa fi ń sọ borrow me, bí ẹni pé olùkọ́ kan náà ló kọ́ wa. Olùkọ́ kan náà ló kọ́ wa lóòótọ́. Yá ni orúkọ rẹ̀.

Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀: mo gbà. Mo yá a lówó: mo fún un. Yá kan náà ni, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Lọ́wọ́ ló ń sọ ibi tí owó kọrí sí. Bí lọ́wọ́ bá wà níbẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e ni owó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí orúkọ èèyàn wá tẹ̀ lé yá ní tààrà, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni owó lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n rán níṣẹ́ sí aládùúgbò kì í ṣì í.

Òyìnbó pín iṣẹ́ yìí fún ọ̀rọ̀ méjì. Àwa mú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, a fi ṣe yá, a sì ń darí rẹ̀ bí a ṣe ń darí yá. Yá mi lówó di borrow me money. Mo yá a di I borrowed him. Lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, kò sí ohun tó rújú níbẹ̀ rárá. Ìgbà tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá bá kà á, tàbí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó rí èrè nínú kó má gbọ́, ìgbà yẹn ni wàhálà dé.

Kí a má sì fọ́nnu jù. Lórí fóònù, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti í fi àmì sí nǹkan kan, lówó àti lọ́wọ́ ti di ìbejì. Oníbàárà mi kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan hàn mí: eni ti mo ya lowo ti de. Ẹni tó kọ ọ́ ń kánjú. Ṣé ẹni tó jẹ ẹ́ ló dé ni, kí a máa bá a yọ̀, àbí ẹni tó jẹ lówó ló wá dógò tì í, tí kò sì ráyè kọ rẹ̀ tí ì bá parí ọ̀rọ̀ náà? Àwa méjèèjì jókòó, à ń wo fóònù.

* * *

Ẹnìkan láti Ṣágámù ti bínú sí mi. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ kó fi Yorùbá kọ ọ́, ẹni tó bá sì kọ àṣìkọ ni kó jìyà rẹ̀. Àwọn mẹ́rin mìíràn ti ń ṣe àmín sí i.

N kò bá yín ṣe àmín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àtúnṣe Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún mi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan gbé ìwé ìpàdé wá kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá kan báyìí borrowed the society 150,000. Èmi tíṣà àtijọ́, ara mi ò gbà á. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo fi from sí i, ó di borrowed from the society, ó sì dán lójú mi. Akọ̀wé kò kà á, ó fọwọ́ sí i, ó sanwó, ó lọ. Ní ìpàdé gbogbogbòò, wọ́n ń ka ìwé náà sókè, ìyá dìde. Àṣé owó irẹsì tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà ní àràpín ni kò pé lọ́jọ́ yẹn, òun ló mú 150,000 jáde láti fi kún un. Èmi ti fi ọ̀rọ̀ kan tó ní lẹ́tà mẹ́rin sọ olówó di ajigbèsè lójú ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá náà fi ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, kò sì sí ọjọ́ kan tó gba ibẹ̀ kọjá ní ìdákẹ́.

Látìgbà náà, n kì í tún borrow ẹnikẹ́ni ṣe láì bi í ní ìbéèrè kan: ọwọ́ ta lowó ti kúrò, ọwọ́ ta ló bọ́ sí? Tó bá dá mi lóhùn tán, mo lè wá kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé kò sóhun tó burú nínú borrow me torí pé gbogbo Nàìjíríà ló ń sọ ọ́: lọ́jà, lójú títì, nínú mọ́tò, ẹ máa sọ ọ́, èmi náà ń sọ ọ́. Nínú ìwé tí ẹ ó fọwọ́ sí, ẹ jọ̀wọ́.

* * *

Ẹnìkan tó ń gbé ní Jámánì ti jù nǹkan sí wa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní leihen tiwọn lọ́hùn-ún, yá gan-an ni. Ich leihe dir Geld, mo yá ọ lówó. Ich leihe mir Geld von dir, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ. Ẹ rí von yẹn? Lọ́wọ́ wa ni. Bákan náà ni låna ti àwọn ará Swídìn, àti pożyczyć ti àwọn ará Pólándì: ọ̀rọ̀ kan fún olówó àti ajigbèsè. Kódà ní Minnesota àti Wisconsin ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Skandinéfíà tẹ̀dó sí, ẹ lè gbọ́ borrow me lẹ́nu aláwọ̀ funfun tí kò mọ ibi tí Ìjẹ̀bú wà. Nítorí náà ẹni tó ní àìmọ̀wé ló ń jẹ́ kéèyàn sọ bẹ́ẹ̀ kó lọ bá wọn jà lọ́hùn-ún.

Ibi tí borrow ti ṣẹ̀ tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, borgian ni, ọ̀dọ̀ borg ló sì ti wá. Borg ni ìdúró, ohun tàbí ẹni tí a fi dúró pé owó yóò padà wá. Ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹnikẹ́ni ti rí lóònù ẹgbẹ́ gbà rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú láìsí onídùúró. Èmi ti ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ kan rí, mo sì mọ ohun tí borg túmọ̀ sí ju ẹni tó kọ ìwé atúmọ̀-èdè lọ. Ó san án ṣá. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó san án.

Borgen tí í ṣe ẹbí borrow ní Jámánì ṣì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì títí dòní, gbà àti fún. Gẹ̀ẹ́sì ló fi tirẹ̀ sí ọ̀nà kan.

* * *

Mo rí i pé àwọn obìnrin ti gba ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìdí ìlẹ̀kẹ̀. Kò burú, torí tí ẹ bá fẹ́ mọ bí yá ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ wo Ìjẹ̀bú-Òde bí Ojúde Ọba bá ti ń súnmọ́lé. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí kan náà, ló fẹ́ yọ bí ọba, àwọn ìdílé balógun fẹ́ gẹṣin. Ìyùn àbúrò wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n, fìlà ẹ̀gbọ́n wà lórí àna. Ẹni tó bá ní òun ò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ yẹ ilé rẹ̀ wò dáadáa.

Àṣìṣe tibí wá yàtọ̀. Borrow tí wọ́n fi bú wọn nílé-ìwé ti ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n wá sá lọ sọ́dọ̀ lend. Ọmọdébìnrin kan tó máa ń wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi kọ ọ́ sí àǹtí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé I want to lend your beads for Ojude Oba. Àǹtí fi ìbínú pè é: ta lo fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ mi yá? Ó rò pé ọmọ náà fẹ́ máa kó ìlẹ̀kẹ̀ òun fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bóyá kó tilẹ̀ máa gba owó lórí ẹ̀. Ọmọ náà sọkún dé ṣọ́ọ̀bù mi.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà náà nìyí: borrow ní b, gbà náà ní b. Lend ní l, lọ náà ní l. Tí nǹkan bá ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ, gbà ni, borrow ni. Tó bá ń lọ, lend ni. Kò sí nínú ìwé kankan, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, kò sì tíì já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ nínú ìdánwò.

* * *

Bàbá kan láti Òde Rẹ́mọ ti wá bá gbogbo wa wí. Wọ́n ní àwa la ba Yorùbá jẹ́ kí a tó ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, pé a kì í yá owó, a ń wín in ni. Àlàyé wọn nìyí: ohun tí èèyàn bá yá, ohun yẹn gan-an ni yóò dá padà, bí ọkọ́, bí àkàbà, bí aṣọ. Ohun tí a bá wín, irú rẹ̀ la ó dá padà, torí a ti lo tàkọ́kọ́ tán: iyọ̀, epo, gàrí. Owó tí wọ́n fún ọ lánàá kọ́ lo máa dá padà lọ́la, ìwọ ti ná an. Nítorí náà wín ni.

Ọ̀rọ̀ bàbá jinlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Nídìí iyọ̀ àti gàrí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá mi ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nídìí owó, yá ti jókòó sí ẹnu wa tipẹ́, ẹ̀yáwó la sì ń pe gbèsè tí a lọ gbà ní báńkì, kì í ṣe ẹ̀wínwó. Òwe tí bàbá fi gbè é lẹ́sẹ̀ pàápàá, yá ló wà níbẹ̀: ẹni tó yá egbèje tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèfà. Mo rò pé wọ́n ti rí i báyìí, torí wọn ò tíì padà fèsì. Wọ́n tiẹ̀ gbàgbé pé ilé pàápàá wà lábẹ́ yá. Ayálégbé ni ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ òyìnbó ò jẹ́ pè é ní borrow láéláé. Àwa fúnra wa mọ̀ pé ó yàtọ̀ díẹ̀, òun la ṣe gba háyà wọlé fún àga àti kánópì.

Ju gbogbo ẹ̀ lọ, wín ò yọ wá nínú ọ̀ràn Mama Ẹja. Mo wín owó lọ́wọ́ rẹ̀, mo wín in lówó. Òun náà kọjú síhìn-ín kọjú sọ́hùn-ún.

* * *

Kíákíá: ẹni tó béèrè bóyá a lè sọ loan me, bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ ọ́ fàlàlà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ìlú Ọba kì í fẹ́ ẹ, wọ́n á ní loan ni owó náà, lend ni ìṣe. Èmi kì í fi bíróò pupa fà á mọ́.

Ẹni tó sì béèrè nípa borrow inú ìṣirò àyọkúrò, tí wọ́n ti ń sọ fún ọmọ pé kó yá ọ̀kan lọ́wọ́ nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èmi náà kò rí ibi tí wọ́n ti san án padà rí.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé màmá.

Àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ lọ́yà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀, mo sì ti lọ ka ohun tó sọ. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti ọdún 2011, apá 51: àkọsílẹ̀ ìṣirò tí èèyàn ń kọ déédéé nídìí òwò rẹ̀ ṣeé gbé lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti fi ka gbèsè sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Apá 131 tún ní ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ gba ohun tí òun wí gbọ́ ni yóò mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Èyí de ìwọ, ó de àwọn náà. Ìlà kan ṣoṣo kò lè mú yín jẹ wọ́n ní 80,000, kò sì lè mú wọn jẹ yín.

Nítorí náà fi borrow sílẹ̀ ná. Ka ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe ìlà yẹn nìkan. Báwo ni màmá ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ibi tí ẹ bá mọ̀ dájú pé àwọn ni wọ́n gbà, bí owó ẹgbẹ́, ṣé from wà níbẹ̀? Ibi tí ẹ bá mọ̀ dájú pé àwọn ni wọ́n fún èèyàn, ṣé kò sí from? Tí wọn ò bá ṣi ọwọ́ rí, ó parí, Gẹ̀ẹ́sì tiwọn la ó fi ka ìwé tiwọn. Lẹ́yìn náà, wo àlẹ́ẹ̀tì báńkì wọn fún ọ̀sẹ̀ Iléyá yẹn, bóyá owó jáde tàbí owó wọlé. Kí o sì wo ẹ̀yìn ìlà náà. Gbèsè tó wà láyè máa ń bímọ: ẹ ó rí i níbi tí ẹnìkan ti san díẹ̀, tàbí tó bẹ̀bẹ̀.

Má gbé e lọ sílé ẹjọ́ o. Owó ọkọ̀ àti owó lọ́yà yóò jẹ 80,000 náà tán kí wọ́n tó pe orúkọ yín.

* * *

Àbúrò mi ti fèsì. Ẹ jẹ́ kí n kó o síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè.

Ó ní òun ka ìwé náà mọ́jú. Ibi mẹ́ta ni màmá ti kọ Borrow from Coop, ẹ̀ẹ̀kan wà tó jẹ́ Borrow from Alhaja, owó tí gbogbo ilé mọ̀ pé àwọn ni wọ́n lọ gbà. Ibi tí wọ́n ti fún télọ̀ wọn lówó, Borrowed tailor 5,000 ni, ojú ewé tó tẹ̀ lé e sì ní Tailor bring complete. Obìnrin yìí ò ṣi ọwọ́ rí. Lọ́wọ́ ló ń fi from kọ, níbi tí kò bá sí lọ́wọ́ nínú Yorùbá rẹ̀, kò sí from nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. N bá sì ti fún un ní odo nílé-ìwé.

Ó tún rí ìlà kan ní ojú ewé mẹ́jọ lẹ́yìn Iléyá: Mama Eja fish 12. Remain 68.

Ó ní òun mú ìwé náà lọ bá Mama Ẹja lọ́jà fúnra wọn, kì í ṣe àwọn ọmọ wọn. Wọ́n gba ìwé, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń nu ọwọ́ sára ìró. Wọ́n wá ní, ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló sọ pé òun ò ní san? Páálí ẹja méjì tí òun gbé wá síbi ìnáwó òkú màmá yín ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní yọ ìyẹn kúrò nínú ẹ̀ ni?

Àbúrò mi ń béèrè bóyá ẹja tí èèyàn gbé wá síbi òkú ọ̀rẹ́ ẹ̀ jẹ́ owó tó san tàbí ẹ̀bùn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ borrow mọ́. Ọ̀rọ̀ dash ni, kí ẹlòmíràn bá wa dá a sílẹ̀, èmi ní ìwé ìpàdé láti tẹ̀.